Àrán Tí A Ká Sódì

Wọ́ṣọ́, wọ́ṣọ́, wọ́ṣọ́. Bí àlùmọ́gàjí ńlá náà ṣe máa ń dún nìyẹn nígbà tó bá ń jẹ aṣọ lọ lórí tábìlì pákó. Bó bá dé òpin aṣọ, á dún gbàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣọ́ọ̀bù á sì dákẹ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti kúrò ládùúgbò yẹn. Ibi tí mo wà báyìí jìnnà sí i gan-an, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ò sì sí láyé mọ́. Síbẹ̀ ìró yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Aránṣọ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò fún un ni Gbọnrangandan, orúkọ náà sì bá a mu. Ìlà tó bá fà sórí aṣọ máa ń tọ́ gbọnrangandan. Bó bá ń rìn lójú títì, ṣe ló máa ń nà gbọnrangandan bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Kì í mutí. Kì í fa sìgá. Kì í fi iṣẹ́ oníṣẹ́ falẹ̀. Bó bá ní Ọjọ́bọ̀ ni òun máa gbé e fún ọ, kó o yáa wá ní Ọjọ́bọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Bí àlejò bá ṣèèṣì jókòó síbẹ̀, á lọ dúró tì í, á máa wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ títí onítọ̀hún á fi dìde.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, aláwàdà, tó ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀mùtí paraku kí Jésù tó yọ ọ́. Kò lè rí Gbọnrangandan kó má mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́.

"Ọ̀rẹ́, ṣó o mọ̀ pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run lo fi ń jí láràárọ̀?"

"Aago ni mo fi ń jí."

"Ọ̀rọ̀ ọkàn ẹ ni mò ń sọ o."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn sínú gọ́tà rí lẹ nílò oore-ọ̀fẹ́. Kí ni mo ṣe tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì? Jọ̀ọ́, ṣó o ti lọ ṣòkòtò oníbàárà mi?"

"Mo ti lọ̀ ọ́. Mo fi sítáàṣì sí i débi pé ó ń dá dúró láìsí ènìyàn nínú ẹ̀, bíi tìẹ gẹ́lẹ́."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í dé ọkàn Gbọnrangandan. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run àti òun jọ mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó fi ọdún mọ́kànlá jù lọ. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀gbọ́n ló ń ká aṣọ sórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n ló sì ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Àbúrò ló ń fi àlùmọ́gàjí tẹ̀ lé ìlà. Wọ́n kì í ré kọjá ibẹ̀. Ẹni tó ń fà kì í gé, ẹni tó ń gé kì í fà. Àbúrò mọ̀ ọ́n gé débi pé bí o bá ní kó gé irun ojú ẹ̀fọn, á wá ibi tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ dì í mú.

Ìjọ wa wá kọ́ ilé ìsìn tuntun. Wọ́n fẹ́ kí àwa akọrin wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ ìyàsímímọ́ rẹ̀, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ méjìlélógún. Ìyá Akọrin, olùkọ́ ilé ìwé tó ń darí wa, ló ránṣẹ́ lọ ra àrán pupa láti ọ̀nà jíjìn, nítorí irú ẹ̀ ò sí nítòsí. Gbọnrangandan ni wọ́n gbé e fún. Ó wọn àyà mi, ó wọn apá mi, ó ní kí n yéé fa ikùn sínú, pé mi ò ní lè fà á sínú bẹ́ẹ̀ bí mo bá ń kọrin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àrán ṣe rí fún ẹni tí ò mọ iṣẹ́ aránṣọ. Àrán nírun. Bí o bá fọwọ́ pa á lọ sísàlẹ̀, á máa dán. Bí o bá fọwọ́ pa á lọ sókè, á ṣú. Gbogbo abala aṣọ kan ló gbọ́dọ̀ kọ irun sí ibì kan náà. Ìdí nìyẹn tí aránṣọ tó bá fẹ́ gé e ní abala méjì lẹ́ẹ̀kan fi gbọ́dọ̀ ká a kí etí aṣọ pàdé etí aṣọ. Bó bá lọ ká a tí orí aṣọ wá pàdé ìdí rẹ̀, irun apá kan á máa wo òkè, irun apá kejì á máa wo ilẹ̀. Kó o tó rán an tán, ọ̀tún rẹ̀ á máa dán, òsì rẹ̀ á ṣú dùdù, bí ẹni pé aṣọ méjì ni wọ́n so pọ̀.

Gbọnrangandan mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé àrán náà sórí tábìlì, aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè, ó sì ń kánjú. Ó fa àrán náà jáde, ó ká a orí sí ìdí bí ẹni ń ká aṣọ fèrèsé, ó sì fa ìlà sí i.

Àbúrò rẹ̀ mú àlùmọ́gàjí. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà. Ó tún fọwọ́ pa á.

"Bùọ̀dá, ṣé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyí?"

"Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni? Gé e jàre."

Ó gé e.

Ní ọjọ́ kẹta, Gbọnrangandan so iwájú aṣọ kìíní pọ̀, ó sì gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà kó lè rí i dáadáa. Oòrùn bọ́ sí i lára. Ó rí i. Ó gbé e yí, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ó yíjú wo orí tábìlì, ibi tí abala yòókù tò sí, tí wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ tán.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án sí ìyàsímímọ́. Ó ṣì lè lọ bá Ìyá Akọrin kó sọ pé, "Ẹ má bínú, mo ti ṣàṣìṣe." Ọ̀rọ̀ mélòó nìyẹn? Ṣùgbọ́n Gbọnrangandan ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ò ní mọ́lẹ̀ tó ìta. Ó gbé aṣọ náà wọlé, ó sì ń rán an lọ. Àbúrò náà rí i.

Fèrèsé ilé ìsìn tuntun náà fẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Nígbà tí àwa méjìlélógún dìde láti kọrin, a rí i tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ tọ́ ara wọn. Ọmọdé kan béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kedere, bóyá omi ló dà sí wa lára lápá kan. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì rìn wá síwájú.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Akọrin kó gbogbo wa sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ránṣẹ́ pe tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ó gbé ọ̀kan nínú aṣọ náà sókè.

"Ta ló gé aṣọ yìí?"

Gbọnrangandan tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Àbúrò mi ló gé e," ó ní. "Èmi ò fi àlùmọ́gàjí kàn án."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, òótọ́ náà ló sì fi rẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́rùn.

Àbúrò gbójú sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo wa rí i pé ó ń retí nǹkan kan. A ò mọ ohun tó ń retí. Báwo ni àbúrò ṣe máa wo ojú ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà, kó pè é ní òpùrọ́ láàárín àwùjọ? Ó dúró títí, nǹkan náà ò wá. Ó tẹrí ba fún Ìyá Akọrin.

"Ẹ má bínú, mà."

Látọjọ́ yẹn la ti ń pè é ní Sódì. "Sódì, ṣé kì í ṣe pé o wọ bàtà ẹ sódì báyìí?" "Sódì, ibo lò ń lọ, ṣé iwájú ni àbí ẹ̀yìn?" Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣàánú mi. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà yẹn, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí àwọn oníbàárà bá ń kó aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Gbọnrangandan, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Sódì fọwọ́ kan tèmi o." Gbólóhùn kan péré ni ẹ̀gbọ́n ì bá fi pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó lọ wá ibòmíràn ṣe, pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù ń bàjẹ́.

Àbúrò yọ téèpù kúrò lọ́rùn. Ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá," ó ní, ó sì jáde.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré sí òpópónà kejì, kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá. Níkẹyìn, ibi tí wọ́n ti ń ta pákó ló gbà á, ó ń ru pákó láti inú ọkọ̀ sínú ilé ìkẹ́rùsí. Odindi ọdún mẹ́rin, kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ò sì béèrè rẹ̀.

Ìjọ ò lágbára láti ra aṣọ mìíràn, nítorí náà aṣọ yẹn la ṣì ń wọ̀. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ Gbọnrangandan. Orí ìjókòó iwájú ló máa ń wà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ á wá tò síwájú rẹ̀ ní ìlà méjì, apá kan ń dán, apá kan ṣú, á sì máa kọrin fún un.

Ìwọ ńkọ́? Kí ló ń tò síwájú rẹ tí o kò fẹ́ wò?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Gbọnrangandan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Kò dìde mọ́. Alágbàfọ̀ ló gbọ́ ìró nǹkan tó ṣubú lulẹ̀, òun ló sì sáré wọlé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó mú ahọ́n. Dókítà ní ó lè sàn, ó sì lè má sàn, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ nílé.

Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un ní pálọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé pérépéré, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo, ó ń rántí ohun gbogbo, ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, kò sì lè sọ ju "A... a..." lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bí ti lọ́kọ síbi tó jìnnà. Ìyàwó rẹ̀ ò lè dá a gbé. Ó gbìyànjú láti gbé e sórí àga lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ṣubú. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó ń sunkún, ọkọ ń wo àjà.

Ní ọjọ́ kẹta, láàárọ̀, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Àbúrò ni. Ó ti gbọ́ níbi pákó. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ bá mi gbé omi kaná. Táwẹ̀lì dà?" Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bùọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ gbé yín o. Ẹ má bẹ̀rù, pákó tí mò ń gbé wúwo jù yín lọ, kì í sì í kùn."

Gbọnrangandan kọjú sí ògiri.

Láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ bó bá ti dé, àbúrò yìí ń wá. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ. Kò bú u. Kò mẹ́nu ba ohun tó ti kọjá. Ì bá sàn fún Gbọnrangandan ká ní ó bú u. Ní ọjọ́ kẹfà, ó fi ọwọ́ òsì gbá abọ́ oúnjẹ dànù, gbogbo ẹ̀ sì dà sí àbúrò lára. Ìyàwó rẹ̀ pariwo.

"Àǹtí, ẹ má pariwo mọ́," Àbúrò ní. Ó ń nu àyà aṣọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i pé ara wọ́n ti ń yá? Ẹ wo bí ọwọ́ òsì wọn ṣe lágbára."

Lọ́jọ́ kejì, Gbọnrangandan na ọwọ́ òsì náà sí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ tí wọ́n ti gbé wálé láti ṣọ́ọ̀bù, tó wà ní kọ̀rọ̀, ó tún nà án sí Àbúrò. Ó ń fún un. Kó gbà á, kó lè jẹ́ pé wọ́n jọ ṣe pàṣípààrọ̀ ni, kó má jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Àbúrò gbọn orí. "Mi ò wá gba nǹkan, Bùọ̀dá. Ẹ jẹ́ n fá irùngbọ̀n yín."

Bó ṣe ń fá a lọ́wọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Gbọnrangandan. Ó ń tiraka. "A... a... a..."

"Ṣé omi lẹ fẹ́?" ìyàwó rẹ̀ béèrè. "Àbí ìrọ̀rí? Ṣé kí n ṣí fèrèsé?"

Àbúrò gbé abẹ sílẹ̀.

"Bùọ̀dá, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àrán yẹn ni, ẹ fi sílẹ̀. Ṣebí mo wà níbi tábìlì. Mo rí bẹ́ ẹ ṣe ká a. Mo ti dárí jì yín, ó ti pẹ́, kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀ rárá."

"Àrán wo?" ìyàwó béèrè.

"Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni, Àǹtí," Àbúrò dá a lóhùn, ó sì ń fá irùngbọ̀n lọ.

Ó ṣì ń bò ó. Lójú ìyàwó ilé pàápàá, ó ṣì ń bò ó! Ohun tí àrùn ò lè ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn ṣe é. Ó wó Gbọnrangandan mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, alágbàfọ̀ wá kí i. Ó bá a tí ìrọ̀rí rẹ̀ rin. Ó fa àga, ó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe lọ fún mi, kí n tó kúrò ládùúgbò.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "mi ò mọ ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án mọ́gi. Olè ni. Wọ́n kan ọwọ́ ẹ̀ mọ́gi, kò lè fi ṣe iṣẹ́ rere kankan mọ́. Wọ́n kan ẹsẹ̀ ẹ̀, kò lè lọ bẹ ẹni tó jà lólè. Kò sóhun tó lè tún ṣe. Jésù mú un lọ bó ṣe wà yẹn."

Gbọnrangandan gbé ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó fi ìka kan ètè ara rẹ̀, ó sì gbọn orí.

Alágbàfọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń sọ: Olè yẹn lẹ́nu. Ó fi ẹnu ẹ̀ bẹ Jésù. Èmi ò ní.

Alágbàfọ̀ fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Òótọ́ ni," ó ní. "O ò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ṣé o pe àbúrò ẹ kó tó wá ni? Ṣé o ti bẹ̀ ẹ́ kó tó káwọ́ aṣọ sókè? Bí ọ̀rọ̀ Jésù ṣe rí náà nìyẹn. Ó ti wọlé, ọ̀rẹ́ mi. Omi ti gbóná. O ṣì fẹ́ kọjú sí ògiri ni?"

Gbọnrangandan di ojú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ti di ẹ̀ṣẹ́ ṣí díẹ̀díẹ̀ lórí aṣọ ìbora. Mi ò lè sọ àdúrà tó gbà fún yín, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ àfi Ẹni tó gbà á fún. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Àbúrò dé, kò kọjú sí ògiri. Ó gbé apá òsì rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Gbogbo àmì tó wà nìyẹn.

Àwọn kan rò pé bí oore-ọ̀fẹ́ bá ti dé, ọ̀rọ̀ ti tán, kálukú lè máa sùn. Ọlọ́run ti dárí jì í, àbúrò ti dárí jì í, ta ló tún kù? Gbọnrangandan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí Àbúrò ṣe ń fún un lóúnjẹ, ohùn kan ké láti ojú títì.

"Sódì! Sódì o! Ọkọ̀ pákó ti dé!"

"Mò ń bọ̀!" Àbúrò dáhùn.

Ó dáhùn wẹ́rẹ́, bí ẹni pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó nu ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jáde. Gbọnrangandan gbọ́ bó ṣe dáhùn. Ìgbà tó rí i pé òun ti rí ọ̀fẹ́ gbà ló wá mọ ohun tí òun gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ṣọ́ọ̀kì. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó mọ ohun tó ń béèrè. Alágbàfọ̀ gbé pẹ́ńsù wá, ó kéré jù fún ọwọ́ òsì tí kò kọ̀wé rí. Ṣọ́ọ̀kì ló lè dì mú. Wọ́n tẹ́ bébà dúdú, irú èyí tó máa ń fi ya aṣọ, sórí pákó kan níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ, ó sì dà bí igi tó wó. Ọkùnrin tí ìlà rẹ̀ máa ń tọ́! Òógùn bò ó. Bó bá kọ mẹ́ta, á nu méjì. Ó fi ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kọ ọ́.

Kó tó parí, Àbúrò kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fa bébà náà yọ, ó fi sínú àpò.

"Bùọ̀dá, mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi yín rẹ́rìn-ín lórí àìsàn ni? Ó ti mọ́ mi lára. Kò dùn mí mọ́."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ òsì sí i. Kò gbé e kúrò. Nígbà tó yá, Àbúrò yọ bébà náà jáde, ó tẹ́ ẹ padà sórí pákó, ó sì lọ dúró sí ìta gbangba títí omi ojú rẹ̀ fi gbẹ.

Alágbàfọ̀ ló gbé e lọ fún Ìyá Akọrin. Ìyá Akọrin kà á fún gbogbo ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, àwa akọrin sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ náà.

Mi ò ní tàn yín jẹ. Kì í ṣe ohun gbogbo ló padà. Ahọ́n Gbọnrangandan ò tú mọ́. Àwọn èèyàn kó aṣọ wá fún Àbúrò, púpọ̀, àwọn kan fi ìtìjú kó o wá. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tó fi ru pákó ti mú kí ìka rẹ̀ le bí awọ bàtà. Ó ní òun ò mọ irun àrán lára mọ́ bí òun bá fọwọ́ pa á. Aṣọ ilé ìwé ló kù tó ń gé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí Àbúrò ṣe ń dúró kí omi ìwẹ̀ gbóná lórí iná, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bá Olúwa. Kò kọjú sí ògiri.

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bóyá o kì í mutí. Bóyá kò sí irọ́ kankan lẹ́nu rẹ, àfi òótọ́ kan tí o fi pa ẹnì kan. Ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin yìí fi ní ahọ́n tó yè kooro, kò lò ó. Ọjọ́ tó fẹ́ lò ó, kò sí mọ́. Tìrẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ bí o ti ń ka èyí. Mi ò ní kó o kọ́kọ́ tún ayé rẹ ṣe kó o tó wá. O ò lè tún un ṣe, bí èmi náà ò ṣe lè tún tèmi ṣe. Jésù ti kú fún ọ nígbà tí o ò tíì pè é. Ó ti wọlé. Yíjú kúrò lára ògiri lónìí, gbé ọwọ́ rẹ sókè, jẹ́ kó wẹ̀ ọ́. Má sọ pé ọ̀la. Bó bá sì ti wẹ̀ ọ́ tán, dìde, lọ dá ohun tí o gbà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ padà fún un, kódà kó ku ìdajì.

Bí ọ̀rọ̀ tí Gbọnrangandan fi ṣọ́ọ̀kì kọ sórí bébà dúdú náà ṣe lọ nìyí, mi ò fi ọ̀kan kún un, mi ò sì yọ ọ̀kan kúrò:

"Èmi ni mo ká àrán sódì. Àbúrò mi rí i, ó bi mí. Mo ní kó gé e. Jésù ti dárí jì mí. Òun náà ti dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní Sódì mọ́."